Oṣù Mẹ́rin àti Ọjọ́ Mẹ́wàá Màríámà

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Bàbá mi ló kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ ròyìn, kó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún un ní ojú àti etí, tó sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí títí ó fi lè ròyìn. Alihamudulilahi. Mo dúpẹ́ fún agboolé tí wọ́n bí mi sí ní Àgọ́-Ìwòyè, mo dúpẹ́ fún kéwú tí mo kà lórí ẹní àti ìwé tí mo kà lórí àga, mo sì dúpẹ́ jù fún ọdún kan tí bàbá mi ṣi ìdájọ́ ṣe nínú ilé ara rẹ̀, tó sì lọ dúró ní kóòtù láti sọ pé òun ṣì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní bàbá tí kò ṣìṣe rí lójú wọn. Èmi kò ní irú rẹ̀, n kò sì ní fi tèmi ṣe pààrọ̀.

Ohùn kéwú ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà náà. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alfa Télọ̀, ń ránṣọ, ó sì ń kọ́ni ní kéwú lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí ẹ̀rọ, etí rẹ̀ á wà lẹ́nu àwọn ọmọ. Bí ọmọ kan bá ṣi ìlà kan kà, ẹ̀rọ á dúró. Bàbá mi kò ní wo ọmọ náà, kò ní sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kàn máa dúró ni títí ọmọ yóò fi padà lọ tún un kà. Láti ẹ̀yìn ilé la ó ti máa gbọ́ igbá tí màmá mi fi ń yan gàrí bó ṣe ń ha inú agbada, èéfín rẹ̀ á sì wá bá òórùn tàdáà tí a fi ń kọ wàláà pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń jókòó sí pẹ̀lú àtẹ ẹ̀gúsí, á máa bó o, á sì máa dá sí ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Iṣẹ́ tèmi ni láti pọn omi kún àwọn búútà àlùwàlá, kí n sì fọ wàláà àwọn ọmọ kékeré. Oúnjẹ wa kò ní oríṣi púpọ̀: gàrí tó kan dáadáa lọ́sàn-án, ìkọ́kọrẹ́ bí ewùrà bá wà, ẹ̀bà ní ìrọ̀lẹ́. A kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ilé wa tún lè di ọbẹ̀ títí Màríámà fi dé.

Ogun ló lé Màríámà kúrò ní Làìbéríà. Àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ nínú àgọ́ tí wọ́n ṣe fún wọn ní Òrù, ìlú tí kò jìnnà sí tiwa, ogúnléndé la sì ń pè wọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló yà sílé wa, ó pọn ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún méjì, Sékù, ó sì mú ìbòrí kan tó ya lọ́wọ́ kí bàbá mi bá a rán. Bó ṣe dúró, ọmọ kan ṣi ìlà kan kà, kí ẹ̀rọ sì tó dúró, àlejò yìí ti bá ọmọ náà tún un ṣe. Bàbá mi gbé ojú sókè. Ó bi í pé ta ló kọ́ ọ. Àlejò náà fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ dáhùn, èyí tí mo gbọ́ ìdajì rẹ̀, pé bàbá òun ni, pé bàbá òun ní ilé-kéwú kí wọ́n tó dáná sun ilé náà. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ń gbé yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré láàárọ̀, àwọn náà sì ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Òfin gbà á láàyè nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìta àgọ́ lè gbé ibẹ̀, bó bá ṣáà ti ń lọ jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ka orí, kí wọ́n lè buwọ́ lu káàdì rẹ̀.

Màmá mi gbin ọ̀dùnkún sẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ló sì ń jẹ ewé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan Màríámà já ewé náà, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó fi epo pupa àti ẹja gbígbẹ sè é. Kò sí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò. Ráṣídì ẹ̀gbọ́n mi ké bí ewúrẹ́, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ló na ọwọ́. Ó jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn.

"Ráṣídì," ó ní, "láti òní lọ, kí ewúrẹ́ mi máa bá ọ jẹ gàrí rẹ. Èmi ti gba ewé rẹ̀."

Òun kan náà ló dá obìnrin kan lóhùn tó ń bèèrè bí odidi ìyàwó ilé ṣe lè dé láìmú ohunkóhun dání. Ìyá Àgbà ní, "Ẹni tí ogun kò lé rí ní í bi ni pé kí ló dé tí a kò gbé ìkòkò dání."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wá láti àgọ́ pẹ̀lú ìròyìn pé wọ́n ti pa ọkọ Màríámà tó ṣẹ́ kù sí Làìbéríà. Màríámà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, màmá mi sì jókòó tì í, gàrí tó wà lórí iná jóná, kò sí ẹni tó bínú. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi pè é. "Màríámà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Ọlọ́run fi lélẹ̀ fún opó. O kò ní jáde kúrò nínú ilé yìí títí wọn yóò fi pé. Ohun tí o bá fẹ́, a ó bá ọ wá a." Bẹ́ẹ̀ ló wọlé, tó sì wọ aṣọ opó. Àwọn ìyá Àsàlátù wá kí i, bí wọ́n sì ṣe ń jáde ni wọ́n ń sọ ọ́ sétí bàbá mi pé, "Alfa, ilé yín nìkan ni ẹ̀sìn ṣẹ́ kù sí ní ìlú yìí." Mo rí bàbá mi bó ṣe tún fìlà rẹ̀ dé. Mo rò pé ìdùnnú ni. Ní báyìí tí èmi náà ti dàgbà, tí àwọn ènìyàn sì ti yìn mí rí, mo mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè é.

Nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n náà padà wá. Èmi ló bá lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń da omi sínú búútà. Ó ní kí n sọ fún Màríámà pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ka orí gbogbo wọn, àti pé ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Bàbá mi ni mo lọ sọ fún. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Sọ fún un pé opó ni. Kò lè jáde. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo sáré lọ sọ ọ́. Ọkùnrin náà họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Ọmọ dáadáa, àwọn tó ń kà wá kò mọ opó. Ojú ni wọ́n ń kà." Mo tún sáré padà lọ jíṣẹ́ ìyẹn. Bàbá mi ní, "Ẹ̀sìn kò ní tẹríba fún ìwé." Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì kọjá níwájú yàrá Màríámà. Kò sí ẹni tó ní kí n bi í léèrè, èmi náà kò sì bi í. Láti ọjọ́ yìí wá ni ẹsẹ̀ ọmọdé mi yẹn ti ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀ náà kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ Màríámà kò sí nínú ìwé mọ́. Kò pẹ́ tí ìyẹn náà fi dé etí àwọn onílé àdúgbò. Alága wọn ni Bàbá Ọlọ́lọ, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti ẹ̀gẹ́ ní òpópónà ẹ̀yìn wa. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn olè ti fọ́ ilé mẹ́ta ní àdúgbò ní oṣù yẹn, ọwọ́ kò sì tẹ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù sì máa ń wá ojú kan tí yóò lẹ̀ mọ́. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí iwájú ilé wa ní ọ̀sán Sátidé.

"Alfa, obìnrin tó wà nílé yín, ṣé a lè rí i?"

"Ó ń ṣe opó."

"Opó ọkọ tí ẹnikẹ́ni kò rí òkú rẹ̀? Ẹ̀ ń fi í pamọ́ ni. Lónìí ẹ gba ẹnìkan, lọ́la àgọ́ Òrù á kó wá sí àárín wa tán."

Ìyá Àgbà gbé àtẹ ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀. Orúkọ ìgbà èwe Bàbá Ọlọ́lọ ló fi pè é. "Ìwọ Sùlè, kí ni wọ́n ń pe ìlú tí o wà yìí?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni."

"Àgọ́ ni wọ́n ń pè é. Ta ní í pàgọ́ bí kì í bá ṣe ẹni tí ogun lé?"

"Ìyẹn ti pẹ́, Ìyá."

"Ó pẹ́ lójú ìwọ tí o bá ilé nílẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò yí ọkàn padà. Ìlú pín sí méjì. Ní ibi ẹ̀rọ omi, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé àdúgbò wa ń sọ pé òfin kò gbà kí a dá ẹni tó sá fún ogun padà sínú ogun. Awakọ̀ kan tó wá bu omi dá wọn lóhùn pé kí wọ́n sọ ìyẹn fún ọmọ òun tó parí ìwé tí kò rí iṣẹ́. Mo gbé garawa mi lórí, mo ń gbọ́ wọn, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni mo ń rò pé ó jàre. Bàbá Ọlọ́lọ kọ̀wé sí ìjọba. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn òṣìṣẹ́ Imigiréṣọ̀n mẹ́ta dé. Wọn kò pariwo mọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ bàtà kó tó tẹ ẹní wa. Wọ́n ní orúkọ obìnrin náà kò sí nínú ìwé, nítorí náà kò ní ẹ̀tọ́ láti wà ní Nàìjíríà mọ́. Wọ́n ní kí bàbá mi mú un wá sí kóòtù ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọjọ́ Ajé, pé bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, ẹnubodè ló kàn. Sékù ń fi bébà wọn ṣeré. Màríámà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó dá a padà fún wọn.

Ìyáàfin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní òfin. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, bàbá mi ló ń bá a rán sùtánà funfun rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó wá sílé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i, ó ní òun yóò gba ẹjọ́ náà rò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá. "Kí ló dé tí kò lọ ní ọjọ́ tí wọ́n ka orí? Bí ìdí rẹ̀ bá mọ́gbọ́n dání, adájọ́ lè ní kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà."

Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé mọ́sáláṣí, ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ibà ni. Ibà ló dá a gúnlẹ̀. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan tó lè kọ ìwé rẹ̀ fún wa."

Ìyáàfin náà dìde. "Bàbá, bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n bọ́ síta ná, kí n má baà gbọ́ ọ."

"Ẹ jókòó, ìyáàfin," bàbá mi ní. "Ara rẹ̀ le koko."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. "Àbúrò mi, o mọ̀ pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ fẹ́ kéde rẹ ní Náíbì, igbákejì Lèmọ́ọ̀mù. Bí o bá lọ dúró níwájú adájọ́, níwájú Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, tí o ní ìwọ lo dá a dúró, ta ni yóò kírun lẹ́yìn rẹ? Ọmọ ta ni yóò tún wá ka kéwú lábẹ́ àtíbàbà yìí? Nítorí àlejò?"

Bàbá mi ní kí n lọ pe Màríámà wá. Ó jáde ní aṣọ opó rẹ̀, ó jókòó lẹ́bàá ògiri. "Màríámà, ká ní mo bi ọ́ ní ọjọ́ yẹn, kí lò bá sọ?"

"Bàbá, mo gbọ́ ohùn yín àti ti ọmọ yín láti inú yàrá. Mo mọ̀ pé opó lè jáde lọ́sàn-án bí ohun tí kò ṣeé yẹ̀ bá ká a mọ́. Bàbá mi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n inú ilé yín ni mo wà."

Mo wo ojú bàbá mi. Ojú ẹni tí ọmọ kéwú tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ni.

"Èmi náà mọ̀ ọ́n," ó ní. "Mo ti kà á kí wọ́n tó bí ìwọ. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí. Ìyìn àwọn ènìyàn ló dùn mọ́ mi, mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí ilé tó di ẹ̀sìn mú bí ilé mi. Mo dí ọ̀nà tí Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ fún ọ." Ó yíjú sí ìyáàfin náà. "Ohun tí mo fẹ́ sọ ní kóòtù nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Bàbá Akọ̀wé mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn láti pọn Sékù, nítorí pé wọ́n lè pe ìyá rẹ̀ dìde. Ọkọ̀ gba iwájú àgọ́ Òrù kọjá, Màríámà kò wo ibẹ̀. Bí a ṣe ń wọ Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ń pàdé àwọn ọkọ̀ tó kó gẹdú láti igbó Mámù, atẹ́gùn sì ń fẹ́ eruku pákó sí wa lójú. Kóòtù kún. Bàbá Ọlọ́lọ àti àwọn onílé jókòó sí apá kan, àwọn ará àgọ́ jókòó sí apá kejì, Bàbá Akọ̀wé sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Agbẹjọ́rò ìjọba ní àánú kì í ṣe òfin, pé ẹni tí wọ́n pè tí kò dáhùn ti yọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe bàbá mi. Ó fọwọ́ lé Kùránì.

"Alfa, ẹ̀yin lẹ ní kó má lọ?" adájọ́ bi í.

"Èmi ni."

"Ẹ̀sìn yín ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o, Adájọ́. Ẹ̀sìn gbà á láàyè. Èmi ni n kò gbà á. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, ọwọ́ mi ni iṣẹ́ náà dé, n kò jẹ́ kó débi tí yóò ti yàn fúnra rẹ̀. Kò ṣẹ̀ yín. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Kóòtù hó. Mo wo ẹ̀yìn, n kò rí Bàbá Akọ̀wé mọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé kóòtù ń kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, àti pé kò ní parẹ́?"

"Adájọ́, àwọn màlékà méjì tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ti wà lórí èjìká mi."

Wọ́n pe Bàbá Ọlọ́lọ náà. Ó ní òun ni òun kọ̀wé, òun rò pé wọ́n ń fi obìnrin náà pamọ́ ni. Adájọ́ bi í pé, "Ní báyìí ńkọ́?" Ó ní, "Ní báyìí mo mọ̀ pé wọ́n tì í mọ́lé ni." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà tẹrí ba kí a má baà rí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọlọ́lọ kò jókòó. "N kò tíì gbà pé kí wọ́n máa gbé àárín ìgboro o. Kí ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀." Wọ́n sì kọ ọ́.

Adájọ́ ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan kò gbọdọ̀ di ẹrù ẹlòmíràn tí wọn kò bi léèrè. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má mú Màríámà lọ sí ẹnubodè, kí wọ́n tún orí rẹ̀ kà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, àti pé bó bá dáhùn, kí orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé. Bó bá tún pa á jẹ, kò ní sí ẹjọ́ kejì.

Bàbá mi kò di Náíbì ní Jímọ̀ yẹn, kò sì dì í títí ó fi kú. Nínú àwọn ọmọ kéwú wa, èyí tó ju ìdajì lọ kò padà wá. Ó ń kọ́ àwọn tó kù bí ẹni pé wọ́n kún àtíbàbà. Àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí títí di òní. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, nípa àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n ń dá padà láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ-ọmọ Bàbá Ọlọ́lọ wà nínú àgọ́ kan ní Ítálì, ó ń dúró de adájọ́. Ìyá rẹ̀ máa ń wá bá mi pé kí a jọ ṣàdúrà. A máa ń ṣe é, n kì í sì í mẹ́nu kan ìwé tí Bàbá Ọlọ́lọ kọ níwájú rẹ̀.

Bí a ṣe délé láti kóòtù ní ọjọ́ náà, Màríámà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ọjọ́ tí mo lò níta lónìí, ṣé mo máa san án padà mọ́ ti opó mi?" Bàbá mi wọlé, ó gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń tì í, títí a fi kírun Alásárì. Lẹ́yìn náà ló jáde wá. "O kò ní san án. Ti Ọjọ́bọ̀ náà, o kò ní san án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó."

Ní Ọjọ́bọ̀, ní ojú ọ̀sán gangan, ó jáde ní aṣọ opó rẹ̀. Mo pọn Sékù, mo tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń wò wá, àwọn kan kí wa, àwọn kan kò kí wa. Ní Òrù, a tò sórí ìlà nínú oòrùn títí ọkùnrin tó ń kàwé fi pe orúkọ rẹ̀. Kò jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun wà níbí, òun àti ọmọ òun, ohùn rẹ̀ sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìwọ tí o ka ọ̀rọ̀ yìí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kó má fi ọ́ sí ọwọ́ ẹni tí yóò dáhùn fún ọ láìbi ọ́, bó bá sì jẹ́ ìwọ lo ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, kó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé ọ lọ sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù. Ilẹ̀ kò ní lé ọ, lé ọmọ rẹ. Àmín.